Ẹ Pe Ìyá Wá Kí Ọmọ Tó Dé

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, tí àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tó fi gbogbo òru rìn láti Onitsha, Owerri àti Aba bá ń já èrò sílẹ̀ ní Mazamaza, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí ẹ wo àwọn ìyá àgbà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Kò ṣòro láti dá wọn mọ̀. Ghana-Must-Go kan á wà lọ́wọ́ wọn, garawa tí wọ́n fi ọ̀rá dì lẹ́nu, ẹja gbígbẹ nínú páálí, àti àwọn èròjà tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ata fún ìyá ọmọ tuntun. Omugwo, ìyẹn ìtọ́jú ìyá ọmọ tuntun nílẹ̀ Ìgbò, ni wọ́n bá wá. Àwa Yorùbá náà kò kúkú yàtọ̀: ìyá á ti Ìjẹ̀bú tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ dé lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, tòun ti àdín, ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn, ó wá wẹ ọmọ. Àlejò pàtàkì ni wọ́n. Àmọ́ gbogbo wọn ló ń dé lẹ́yìn tí ogun ti tán.

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ilé ìwòsàn ìjọba ni mo ti lo agbára mi, Festac ni mo sì ń gbé báyìí, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé tí wọ́n kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ti ọdún 1977. Àwọn aboyún àdúgbò kì í jẹ́ kí n sinmi. "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè lò kí n lè bí wẹ́rẹ́?" Wọ́n ń retí kí n dárúkọ ewé kan tàbí kápúsù kan. Èmi náà á bi wọ́n pé ta ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́jọ́ náà, wọ́n á sì máa wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè. Bẹ́ẹ̀ ìdáhùn mi gan-an nìyẹn. Nínú gbogbo àbíwẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà, n kò tíì rí èyí tó ṣiṣẹ́ tó ẹnìkan tí aboyún fọkàn tán, tó jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrọbí títí ọmọ fi ké. Kí ẹbí pe ẹni náà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí ilé ìwòsàn sì jẹ́ kí ó wọlé.

Ẹ wo ìwé tí wọ́n ń fún aboyún tó bá lọ forúkọ sílẹ̀. Dẹ́tọ́ọ̀lì, Jíìkì, ibọ̀wọ́, òwú, pádì, ohun tí wọ́n fi ń de ìwọ́ ọmọ, rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, ògbólógbòó ìró méjì. Wọ́n á ní kí ọkọ wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló dára, torí mo ti rí ibi tí páìntì ẹ̀jẹ̀ kan ti yọ ènìyàn lẹ́nu ikú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á láti òkè délẹ̀, ẹ kò ní rí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á ti gba báàgì lọ́wọ́ ìyá tàbí ọkọ, tí wọ́n á ní kí ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Obìnrin á wá wọlé lọ bá àwọn tí kò mọ̀ rí, lọ́jọ́ tí ẹ̀rù ń bà á jù láyé rẹ̀.

Kì í ṣe àlá ni mo ń rọ́ fún yín. Ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, Dókítà Imran Morhason-Bello àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín àwọn aboyún tó lé ní 500 sí ọ̀nà méjì. Wọ́n jẹ́ kí ẹnìkan jókòó ti àwọn apá kan nígbà ìrọbí, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní ìtọ́jú tí gbogbo èrò ilé ìwòsàn ń gbà. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2009, iye àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún láàárín àwọn tí kò ní alábàárò tó nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ti àwọn tó ní. Ìrọbí àwọn tí kò ní alábàárò pẹ́ jù, ìrora wọn sì pọ̀ jù. Ibi tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé bí a bá mú ẹni mẹ́ta nínú àwọn tó jókòó ti aboyún, méjì ló jẹ́ ọkọ. Ọkọ o, nílẹ̀ Ìbàdàn!

Ṣáájú ìgbà náà, lọ́dún 1980, àwọn dókítà kan ti gbé irú rẹ̀ jáde láti Guatemala. Obìnrin tí wọn kò mọ̀ rí ni wọ́n ní kó jókòó ti àwọn aboyún, kó máa fọwọ́ pa wọ́n lẹ́yìn, kó máa bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn wọ̀nyí lo wákàtí mẹ́sàn-án ó dín díẹ̀, àwọn tó dá wà sì lo ju mọ́kàndínlógún lọ. Lọ́dún 2017, wọ́n kó ìwádìí 26 láti orílẹ̀-èdè 17 jọ, àwọn obìnrin inú rẹ̀ lé ní 15,000, ọ̀nà kan náà ni ọ̀rọ̀ sì forí lé: àwọn tó ní alábàárò ń fúnra wọn bí jù, ìrọbí wọn sì ń yá jù. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ayé pé kí obìnrin tó ń rọbí ní ẹni tí òun fúnra rẹ̀ yàn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹni tó bá ti sin ewúrẹ́ rí kò ní bi mí ní ìdí. Ewúrẹ́ tó fẹ́ bí á wá kọ̀rọ̀ kan. Bí ajá àjèjì bá yọ sí i, ìrọbí rẹ̀ á dúró. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní oxytocin ni ara ń tú jáde kí ilé-ọmọ lè máa fún, kí ó lè máa ti ọmọ sísàlẹ̀. Èròjà mìíràn tún wà tí ara ń tú jáde nígbà ìpayà, èyí tó ń múra ènìyàn sílẹ̀ láti sá tàbí láti jà. Bí èkejì yìí bá pọ̀, á máa dí ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Ẹran ara á le, ìrora á gbóná sí i, ẹ̀rù á tún gorí ẹ̀rù. Láti ọdún 1933 ni dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Grantly Dick-Read, ti ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rù àti ìrora ìbímọ yìí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tiẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó sì ń dẹ́rù ba obìnrin ní yàrá ìrọbí tiwa kò lóǹkà: igbe ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tí obìnrin mẹ́fà ń pè lẹ́ẹ̀kan náà, tí sùúrù rẹ̀ sì ti tán kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó ṣojú mi lóru ọjọ́ kan. Ọmọbìnrin kan tó fẹ́ bí àkọ́bí rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó sún mọ́ fèrèsé. Ẹnu ilé-ọmọ rẹ̀ ti ṣí dé sẹ̀ǹtímítà márùn-ún láti ìrọ̀lẹ́, ó sì dúró síbẹ̀. Ó ti di irin bẹ́ẹ̀dì mú títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Dókítà ti ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ fún wa wọlé wá nu omi tó dà sílẹ̀. Bí ó ti fẹ́ kọjá, ọmọ náà di etí ìró rẹ̀ mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ."

"Mi ò lọ síbì kankan, ọmọ mi. Dìde. Orí ẹ̀yìn yìí náà lo máa sùn sí títí?"

Ó gbé mọ́ọ̀bù rẹ̀ ti ògiri. Ó fa ọmọ náà dìde, ó ní kó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ bẹ́ẹ̀dì. Ó wá di ìkúùkù, ó ń fi eegun ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà tí ìrora bá dé, ó ń sọ ọ́ sí i létí pé, "Mí sínú. Mí síta. Ó ń lọ. Ó ti lọ." Bí ìrora bá ti kọjá, á fún un lómi mu, á nu òógùn ojú rẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n kankan. Èmi ń lọ, mo ń bọ̀ láàárín àwọn yòókù. Kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀, ọmọ ti dé, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan abẹ. Iṣẹ́ tí obìnrin náà ṣe kò sí nínú èyí tí wọ́n torí ẹ̀ gbà á. Ó ti bí mẹ́fà ni.

Ẹ tún kíyè sí i pé ó gbé e dìde. Orí eékún ni ìyá tèmi wà nígbà tó bí mi, bí àwọn obìnrin ìgbà tirẹ̀ ti ń ṣe. Àwa tí a lọ kọ́ ìwé ni a wá ń dá obìnrin dùbúlẹ̀ gbalaja, a gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, torí ó rọrùn fún ojú tiwa. Ìwádìí ti fi hàn pé obìnrin tó ń dìde, tó ń rìn kiri nígbà ìrọbí lè fi wákàtí kan àti díẹ̀ yá ju ẹni tó dùbúlẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní kí a jẹ́ kó dìde, kó rìn, kó jẹ, kó mu, bí kò bá sí ewu kan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dì í mú kó má ṣubú? Nọ́ọ̀sì kan kò lè di obìnrin mẹ́fà mú.

Ibí ni ọ̀rọ̀ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì ti wọlé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa ní àìmọ̀kan ló ń gbé àwọn obìnrin lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó wà nínú rẹ̀, òótọ́ ni. Àmọ́ mo ti bi àwọn tó lọ síbẹ̀ léèrè. Wọ́n ní wọ́n pe àwọn lọ́mọ. Wọ́n ní wọ́n fún àwọn lẹ́kọ mu, pé ìyá àwọn wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé kò sẹ́ni tó jágbe mọ́ àwọn. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 sọ pé nínú ìbímọ 100, 39 péré ló wáyé nílé ìwòsàn. Ó sì ṣírò rẹ̀ pé nínú ìbímọ 100,000, obìnrin 512 ló ń bá a lọ. Ẹ̀jẹ̀ ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ya lẹ́yìn tí ibi ọmọ jáde, wákàtí méjì tó láti pa obìnrin tó le koko, ẹ̀kọ mímu kò sì lè dá a dúró. Ilé ìwòsàn ló lè dá a dúró. Lọ́dún 2023, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa fi hàn pé bí a bá tẹ́ ọ̀rá tí wọ́n sàmì sí sábẹ́ ìyá láti fi wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde, tí a sì fún un ní gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kíákíá, ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le gan-an á dín kù ní ìdá 60 nínú 100.

Ohun kan sì wà tí n kò ní fi bò. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti ń gún aboyún lábẹ́rẹ́ kó lè tètè bí, láìsí ẹni tó mọ ìwọ̀n, láìsí ẹni tó ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ ti ń lù. Ilé-ọmọ lè ya sí i nínú. Ẹni tó bá fi abẹ́rẹ́ lọ̀ yín nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì, ẹ gbé báàgì yín kí ẹ máa lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn máa sọ, torí èmi náà ti sọ ọ́ nígbà kan: kò sáyè, bẹ́ẹ̀dì sún mọ́ra jù, ọkùnrin kò gbọdọ̀ máa wo ìhòòhò ìyàwó ẹlòmíràn, ẹbí á máa pàṣẹ fún dókítà. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, wọ́n ti fi fóònù kún un, pé wọ́n á máa yà wá ní fídíò. Ọ̀rọ̀ fóònù yẹn, mo gbà, kó dúró síta. Èyí tó kù, kọ́tìnì ló máa yanjú púpọ̀ nínú rẹ̀. Okùn, aṣọ àti ìkọ́ ni kọ́tìnì; kì í ṣe ẹ̀rọ tí a ń rà láti òkè òkun. Níbi tí kò bá tíì sí, kí wọ́n fi obìnrin nìkan bẹ̀rẹ̀. Bí ìjọba Èkó bá ń wá ibi tí wọ́n á ti ṣe é kí gbogbo ìpínlẹ̀ rí i, ilé ìtọ́jú ìyá àti ọmọ tó wà ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin dára fún un. Kí wọ́n fi ìlà kan kún káàdì aboyún: orúkọ ẹni tí yóò bá mi wọlé, àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

Ta wá ni kó jẹ́? Ẹni tí aboyún bá yàn, kó má jẹ́ ẹni tí ẹbí yàn fún un. Ìyá ọkọ mìíràn wà, Ọlọ́run má ṣàì bùkún un, tó jẹ́ pé bó bá ti wọlé ni ìfúnpá ìyàwó ń gòkè. Òmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í de ọ̀tá lókè ohùn títí a ò fi ní gbọ́ ìlù ọkàn ọmọ. Èyí tó sì ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹni tó ń pariwo pé, "Obìnrin Hébérù ni ẹ́, o ò ní bá abẹ lọ!" Àdúrà dáadáa ni, èmi náà ń ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fi ìdí wá, tàbí tí ibi ọmọ dí ẹnu ọ̀nà, tàbí tí ọkàn ọmọ ń rẹ̀ sílẹ̀, alábàárò rere lẹni tó máa di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, tó máa sọ pé, "Bọwọ́ lùwé, mo wà níbí." Ẹni tó bá gbé obìnrin bẹ́ẹ̀ sá kúrò nílé ìwòsàn kò ràn án lọ́wọ́ rárá. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí alábàárò bá aboyún lọ sí kíníìkì lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, kó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ara tutù.

Bó bá dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, iṣẹ́ wà fún un nílé. Kí wọ́n jọ máa rìn yí kúlóòsì ká ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá rọ̀. Festac dára fún ìrìn. Kó máa ṣọ́ oúnjẹ aboyún kí ẹ̀jẹ̀ má baà lọọlẹ̀. Àwọn tó ń ti dàbínù kiri nínú bárò náà ní ohun tó dára lọ́wọ́: ìwádìí kékeré kan tó jáde láti Jọ́dánì lọ́dún 2011 rí i pé àwọn tó ń jẹ èso dàbínù mẹ́fà lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, ẹnu ilé-ọmọ wọn ti ṣí jù nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn. Kò pọ̀ tó èyí tí mo lè fi búra, dàbínù sì dùn lẹ́nu. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kó yáa má dán an wò.

Lọ́jọ́ tí ìrora bá bẹ̀rẹ̀, kí alábàárò má sáré gbé aboyún jáde. Ìbẹ̀rẹ̀ ìrọbí àkọ́bí lè gba ọjọ́ kan gbáko. Kó fún un lóúnjẹ, kó fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́, kó ní kó sùn. Bí ìrora bá ń dé ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tó ìṣẹ́jú kan, tó sì ti ń bá a bọ̀ fún wákàtí kan, kí wọ́n gbéra. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, tí omira bá ya, tí ọmọ kò bá yí mọ́, tí orí bá ń fọ́ ọ tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, wọn kò gbọdọ̀ ka ìṣẹ́jú kankan. Ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún rí, tàbí tó gbé ìbejì, kó tètè lọ. Ẹ̀yin sì mọ ọ̀nà wa. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà tàbí ní Erékùṣù gbọ́dọ̀ la Mile 2 kọjá, níbi tí àwọn tírélà Àpápá ti lè tò pa lójijì láàárọ̀ kùtù. Ọkọ̀ ojú irin ti ń lọ láti Mile 2 dé Marina láti oṣù Kẹsàn-án 2023, kì í kàn ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé láago méjì òru. Nọ́ńbà aládùúgbò méjì tó ní mọ́tò, tí wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, kó wà lára ògiri.

Dírẹ́bà kan ní gárèèjì Mazamaza, tí ìyàwó rẹ̀ wà ní oṣù kẹjọ, bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá òun náà lè ṣe alábàárò, torí pé ìyá ìyàwó òun ti kú.

"Màmá, bí mo bá wọlé, kí wá ni n ó máa ṣe?"

"Fún un lómi. Tẹ̀ ẹ́ ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn bó bá ní kí o tẹ̀ ẹ́, fi í sílẹ̀ bó bá ní kí o fi òun sílẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ ohun tí kò yé ẹ, bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Fóònù rẹ kó wà lápò."

"Bí òòyì bá wá kọ́ mi ńkọ́?"

"Jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí o tó ṣubú. A ti rí irú yín."